Idán Ni Idán, Awo Ni Awo

Ọ̀rọ̀ oríkì orílẹ̀ ni mo ti múra láti bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé tó ní kí oríkì lọ jókòó ná.

Ọmọ wa obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá lo ọlidé ní Òmù-Àrán. N ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì bi mí. Ọjọ́ tó dé, ìyá ìyá rẹ̀ bu omi tútù fún un bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ọmọ náà wo ife, ó wo ojú ìyá àgbà, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Kò pẹ́ la rí i lẹ́yìnkùlé, ó gbẹ́nu sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé. Nígbà tó di alẹ́, àmàlà tí ìyá àgbà rò, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní inú ń run òun.

Ọjọ́ kejì ni àbúrò ìyá rẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀, ó bi í léèrè. Ohun tí ọmọ sọ rèé: "Mo ti rí i nínú tẹlifíṣàn. Ìyá àgbà tó bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun báyẹn, tó bá di òru, ó máa ń di ẹyẹ. Ojú rẹ̀ á máa tan iná."

Ẹ̀yin náà mọ ìyá tí à ń wí. Olórìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ni wọ́n ń bọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́fun ọrùn wọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí wọn, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ká a sínú igbá, wọ́n dé igbá. Wọ́n ní, "Kí ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ."

Ẹ gbọ́ o. Ohun tí wàhálà ayé ò lè bọ́ lọ́rùn ìyá yìí, tí èébú ará àdúgbò ò lè bọ́, fíìmù bọ́ ọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé ẹbí, ẹnì kan dábàá pé kí á fòfin dè é: kí ọmọ kankan má wo fíìmù Yorùbá onídán nínú agboolé wa mọ́. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, èmi gan-an na ọwọ́ sókè pé ó dára bẹ́ẹ̀. A ò fẹnu ọ̀rọ̀ jónà, wọ́n ní ká sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà mo ti ń rò ó, mo sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ sọ fún yín kí á tó tún pàdé pé mo ti sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé idán ṣíṣe lójú agbo kì í ṣe ohun àjèjì lọ́dọ̀ wa. Mi ò sọ ti egúngún ará ọ̀run o. Ohun tó jẹ́ ti ìgbàlẹ̀, ìgbàlẹ̀ ni yóò máa gbé. Egúngún aláré ni mò ń sọ, àwọn apidán tó máa ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ṣeré gba owó. Àwọn tó dàgbà nínú wa rí wọn. Wọ́n á di òjòlá, wọ́n á di ọ̀nì, wọ́n á di ìyàwó tuntun.

Nínú oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n sì ṣe irú eré yìí lójú rẹ̀. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó rí àwọn tó ń jó, tó ń tàkìtì nínú àpò. Ó rí òjòlá ńlá tó ń rìn káàkiri agbo. Lẹ́yìn náà, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ lára ẹnì kan, ohun tó jáde níbẹ̀ funfun báláú: òyìnbó ni! Ó rí tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, kò sì mọ ẹsẹ̀ í gbé. Inú àwọn èrò ń dùn ṣìnkìn, wọ́n ń bi àwọn àlejò náà bóyá eré ọ̀hún ò dára. Ẹ ò rí nǹkan! Bí àwọn òyìnbó ṣe wá wò wá, àwọn bàbá wa ti wò wọ́n tán, wọ́n sì ti fi wọ́n pidán.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí idán náà ṣe rí. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́sàn-án gangan. Ìlù ń dún, wọ́n ti júbà. Ọmọdé wà léjìká bàbá rẹ̀, tí ẹ̀rù bá bà á, bàbá á ní, "Eré ni, wò ó dáadáa." Tí eré bá parí, òjòlá yẹn á di ènìyàn padà, wọ́n á gbé igbá owó kiri. Kò sí ọmọ tó lọ sílé lọ rò pé òjòlá ni aládùúgbò òun.

Nígbà tí sinimá dé, idán bọ́ sínú kámẹ́rà. Ará Faransé kan, Georges Méliès, ló máa ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó ní òun ń ya àwòrán ojú títì ní Paris, kámẹ́rà há fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun tún un ṣe, òun ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó wá wo fíìmù náà, ọkọ̀ èrò kan ṣàdédé di ọkọ̀ òkú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ kí kámẹ́rà tó tún bẹ̀rẹ̀, èkejì sì ti dé ojú ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ nǹkan bí ọdún 1896 lèyí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé tí ẹ bá dá kámẹ́rà dúró, tí òṣèré kúrò lójú ibi tó wà, tí ẹ tún tan kámẹ́rà, ẹni tó bá wò ó á ní ẹni náà pòórá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fíìmù Olóyè Hubert Ògúndé, *Aiyé* ti ọdún 1979 àti *Jáiyésimi* ti ọdún 1980, ẹ ó rántí. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ní ayé ìgbà yẹn, fíìmù gidi ni, èyí tí wọ́n ń ká sórí róòlù. Tí ẹnì kan bá fẹ́ pòórá, gbogbo àwọn tó kù á dúró gbagidi, wọn ò gbọdọ̀ mi apá, kí ẹni náà lè bọ́ síta. Tí wọ́n bá fẹ́ kí iwin hàn bí èéfín, wọ́n á ká fíìmù padà, wọ́n á tún ya àwòrán mìíràn lé orí ti àkọ́kọ́. Tí ọwọ́ bá yẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, owó ti ṣòfò. Òkè òkun ni wọ́n sì sábà ń gbé fíìmù lọ láti lọ fọ̀ ọ́.

Ọmọ ilẹ̀ wa náà wà níbẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ni, nínú Ìgbómìnà wa níbí. Òun ló ṣe *Ìjà Orogún* ní ọdún 1982 àti *Taxi Driver* ní ọdún 1983. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ a máa gbé róòlù àti ẹ̀rọ sinimá kiri ìlú. Wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, jẹnẹrétọ̀ á máa hó níta, àwa á kún inú gbọ̀ngàn bí eéṣú.

Nítorí pé idán wọ́n nígbà náà, wọn kì í ná an bí ẹní ná owó ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì nínú fíìmù kan, ó tó. Èyí tó kù, ọfọ̀ ló ń ṣe é, àti ohùn òṣèré, àti ìlù. Irun orí wa á dìde nígbà tí a bá gbọ́ ọfọ̀, láìjẹ́ pé iná kankan jáde láti ibì kankan.

Fídíò dé lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ nǹkan di ọ̀pọ̀. Kò sí pé à ń gbé fíìmù lọ sókè òkun mọ́. Ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ á tẹ bọ́tìnì, mànàmáná á kọ, ojú àjẹ́ á máa tàn yòò. Ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú *Kòtò Ọ̀run* ti Yẹkínì Ajíléye, tí àwọn ọmọ wa ń fara pamọ́ sẹ́yìn àga láti wò.

Ní òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń lọ síbi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ *Babylon 5*, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, kò gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1999, BBC gbé àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tó ti kú run jáde lórí tẹlifíṣàn, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹko, bí ẹni pé àná ni wọ́n yà wọ́n. Nígbà tí *The Mandalorian* fi jáde ní 2019, wọ́n ti mọ ògiri ńlá kan tí gbogbo ara rẹ̀ ń tàn bí ojú tẹlifíṣàn. Òṣèré á dúró níwájú rẹ̀, aṣálẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kúrò nínú ilé.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni aṣọ aláwọ̀ ewé. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó, ó là á yé mi. Wọ́n á ta aṣọ aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ gan-an sẹ́yìn òṣèré, nítorí pé ara ènìyàn kì í ní irú àwọ̀ yẹn. Wọ́n á wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Gbogbo ibi tí o bá ti rí àwọ̀ yìí, yọ ọ́ kúrò." Ibi tó ṣófo yẹn ni wọ́n á fi ohun tó bá wù wọ́n sí: òkun, ààfin, ojú ọ̀run. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹranko tàbí ẹyẹ, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa mọ ọ́n, egungun rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹran ara, lẹ́yìn náà ìyẹ́ tàbí irun, wọ́n á wá tan iná sí i kí òjìji rẹ̀ lè bá ti àwọn ènìyàn inú àwòrán mu.

Ohun tó yí padà jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyí. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti ya àwòrán tán, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní báyìí, ìgbà yẹn ni apá ńlá iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òṣèré lè na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ lásán, kó máa jà pẹ̀lú ohun tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹlòmíràn tí kò dé ibi tí wọ́n ti ya àwòrán rí, tí kò bá òṣèré pàdé rí, á jókòó sí yàrá, á fi iná sí i lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn tiwa wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé wọ́n fi àwòrán bàbá àgbàlagbà kan ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ kan. Bàbá náà wọ aṣọ funfun, ó jókòó níwájú ojúbọ, efun wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí òun fi iná sí i lọ́wọ́ àti lójú. Ọmọ wa bi wọ́n pé òrìṣà wo ni bàbá yìí ń bọ? Wọ́n ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó ṣáà jẹ́ kí iná náà pupa. Ó ní òun mọ̀ pé Ọbàtálá ni, torí pé ọmọ ilé wa ni. Ẹ wo aṣọ funfun, ẹ wo efun! Ọ̀rọ̀ Ọbàtálá, omi tútù, ìgbín, ìwà pẹ̀lẹ́, níbo ni iná pupa ti bá a tan? Ó sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn tó ń wo fíìmù ò mọ̀. Òun náà nílò owó iṣẹ́ ọ̀hún, ló bá fi iná pupa sí i.

N ò dá a lẹ́bi. Ó jẹ́wọ́ fún mi, ó sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Iná pupa yẹn, tàbí irú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ló wọ inú tẹlifíṣàn ní Ìlọrin, tó wọ ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó wá bá a dé Òmù-Àrán, tó fi kọ omi lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀.

Àwọn kan lè ní, ṣebí ìtàn àjẹ́ ti wà kí tẹlifíṣàn tó dé? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn etí ni. Tí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé ẹnì kan di ẹyẹ, ó lè ní irọ́ ni. Ọmọ yìí kò sọ pé wọ́n sọ fún òun. Ó ní, "Mo ti rí i." Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mú iṣẹ́ yìí dára sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣòro láti jiyàn pẹ̀lú ojú. Ojú àjẹ́ inú fíìmù àtijọ́ dà bí iná tọ́ọ̀ṣì, ọmọdé á wò ó, á rẹ́rìn-ín. Ti ìsinsìnyí, ẹ ó máa wo bí ìyẹ́ ṣe ń hù lára ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí mo fi sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ nígbà náà ńkọ́? Mo rí i pé irinṣẹ́ yìí kan náà lè ṣe wá láǹfààní tí bàbá wa kankan kò ní irú rẹ̀. Ẹ wo *Aníkúlápó* tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé jáde lórí Netflix ní ọdún 2022, tó sì sọ di eré alápá púpọ̀ ní 2024. Ìtàn Sàró ahunṣọ ni, ẹni tí ẹyẹ Àkàlà jí dìde, tó sì jí agbára ẹyẹ náà gbé. Ẹyẹ yẹn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtàn ni wọ́n rán an, kì í ṣe pé ó kàn fò kọjá láti dẹ́rù ba ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, àgbà wa kan lè pa á fún ọmọ lábẹ́ òṣùpá: agbára tí kò ní ìwà nínú, ẹni tó ni ín ló ń pa.

Àǹfààní mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fíìmù ayé àtijọ́ lónìí, òpó iná wà níbẹ̀, páànù wà lórí ilé, ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn ọba. Kọ̀ǹpútà á pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ó lè sọ ogún jagunjagun di ẹgbẹ̀rún. Ó lè dá iná sí ilé láìjẹ́ pé ilé ẹnikẹ́ni jó. Ọ̀yọ́-Ilé tó ti di igbó, ó lè mọ odi rẹ̀ padà kí àwọn ọmọ wa rí i. Ta ni yóò ṣe é fún wa bí àwa fúnra wa bá ti lẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ náà?

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sílé. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò wí nǹkan kan. Ó wọ yàrá, ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí a fi ṣe ankoo nígbà kan rí, ó ta á sára ògiri àgbàlá. Ó bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n wá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, kí wọ́n na apá méjèèjì. Ó gbé fóònù lé ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ ni kó o yà wọ́n."

Ọmọ yà wọ́n. Wọ́n jọ jókòó ti fóònù náà, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Aṣọ pòórá. Wọ́n fi ojú ọ̀run sí i, wọ́n fi òrùlé ilé wa sísàlẹ̀. Wọ́n so ìyẹ́ mọ́ apá ìyá àgbà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló mú àwọ̀ iná tó máa wà lójú wọn: ó kọ́kọ́ mú pupa, ó mú búlúù, ó tún yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lójú gbogbo wa, ìyá arúgbó ń fò lókè Òmù-Àrán. Wọ́n wo fóònù, wọ́n pariwo pé, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ o! Mo gbé ọbẹ̀ kaná!"

Ẹ̀rín pa ọmọ náà títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, "Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe ti inú tẹlifíṣàn náà nìyí, Bọ̀dá?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi gan-an ti ṣe irú rẹ̀. Wọ́n sanwó fún mi ni." Ọmọ ní, "Nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́?" Bọ̀dá rẹ̀ ò rí èsì fún un. Èmi náà ò rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ iyán pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀ nínú abọ́ kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi wọ́n pé, "Mọ́mì àgbà, ìlẹ̀kẹ̀ yín dà?" Wọ́n ṣí igbá.

Kí n má pa irọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló parí síbẹ̀. Kó tó padà sí Ìlọrin, ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ṣé kò wá sí àwọn ìyá tó lágbára rárá ni?" Mi ò lè sọ fún ọmọ ilé olórìṣà pé kò sí. A ń júbà àwọn ìyá wa, a sì mọ ìdí tí a fi ń júbà. Mo sọ fún un pé nǹkan tó jẹ́ ti awo wà, yóò sì kọ́ ọ nígbà tó bá tó àsìkò, láti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò dé ibẹ̀ rí. Ohunkóhun tí o bá ti rí nínú tẹlifíṣàn, ẹnì kan ló ṣe é, wọ́n sì sanwó fún un." Idán ni idán, awo ni awo.

Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀ rèé. Kí á má fòfin de fíìmù. Ọmọ tí a bá lé kúrò nídìí tẹlifíṣàn wa, á wò ó nílé ẹlòmíràn, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé eré ni. Kí á jókòó tì wọ́n, bí bàbá ṣe ń gbé ọmọ sí èjìká lágbo egúngún aláré. Tí babaláwo inú fíìmù bá sọ iná láti ọwọ́, ẹ bi ọmọ pé, "Ti bàbá wa ńkọ́? Ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọn ha máa ń jóná bí?" Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ Ifá, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ sórí, ju iná lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tàn.

Èkejì, tí ọmọ wa bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú fíìmù lòun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ aláìríṣẹ́ṣe ni. Ẹ rán an lọ. Ṣùgbọ́n kó mọ àwọ̀ òrìṣà kó tó lọ, kó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fi sí ara ẹni tó wọ funfun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣáà fi iná pupa sí i, kó lè dúró lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì lè dúró nítorí owó, kó fi ránṣẹ́ sílé. Ẹbí tó ń dá owó òkú lè dá owó fún alààyè tó fẹ́ ṣe òótọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Èsìẹ́ nígbà ọlidé tó ń bọ̀. Kò jìnnà. Àwọn èrè òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n jókòó lórí àpótí wọn, irun orí wọn dídì lóríṣiríṣi, idà wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní ọdún 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n nígbà kan, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró níwájú wọn, kó gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu ènìyàn, kó fi ojú inú ara rẹ̀ wò ó bí ẹran ara ṣe ń di òkúta. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá a ṣe ìyẹn. Ọmọ tó bá ti fi ojú inú wo nǹkan rí, ojú ìta ò ní tètè tàn án jẹ.

Àwa Ìgbómìnà, ìtàn kan ní ògbó tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún ló mọ ọ̀nà, ibẹ̀ la ti rí orúkọ wa. Àdá lásán ni lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Irinṣẹ́ tuntun yìí náà mú gan-an. Ẹ má jẹ́ ká sá fún un, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

Ó tún di oṣù mẹ́ta òní kí a tó pàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ sí èyí tí mo sọ, tẹ́ ẹ rò pé òfin ló tọ́, ẹ wá sí ìpàdé, ẹ wá sọ ọ́ sí mi lójú. Mi ò ní bínú. Ìyá wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti sọ̀kalẹ̀.

Ire gbogbo o. Àṣẹ.